Ẹ̀yin Oníwàásù, Ẹ Má Di Ẹ̀bi Ru Ẹni Tí Ìyà Ń Jẹ

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ẹ̀yin ajíhìnrere àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń dúró sórí pẹpẹ, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí ẹni tí ìyà ń jẹ kì í sí nínú ìjọ. Ẹni tí wọ́n lé ọmọ rẹ̀ wálé nítorí owó ilé ìwé wà níbẹ̀, ẹni tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ àìsàn rẹ̀ fún wà níbẹ̀, obìnrin tó sin ọmọ rẹ̀ lóṣù tó kọjá náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo obìnrin yẹn. Oníwàásù pariwo pé, “Ẹni tó bá ní ìgbàgbọ́ kò ní fojú sunkún ọmọ! Ẹ jẹ́ kí àmín yín dún!” Gbogbo ìjọ dáhùn. Òun náà la ẹnu, àmọ́ ohùn kò jáde. Ó tẹjú mọ́ ìwé orin tí kò ṣí. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ń bi ara rẹ̀ pé ṣé àìnígbàgbọ́ òun ló pa ọmọ òun ni.

Ta ló ní ká máa sọ bẹ́ẹ̀? Nínú Bíbélì, ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jobu, Elifasi, Bildadi àti Sofari, fi jókòó tì í láìsọ̀rọ̀, wọ́n sì ṣe dáadáa. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀ sí i lọ́rùn ni Ọlọ́run bínú sí wọn. Nígbà tí ilé ìṣọ́ Siloamu wó pa ènìyàn 18, Jésù sọ gbangba pé wọn kò burú ju àwọn yòókù lọ. Pọ́ọ̀lù fi Trofimu, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, sílẹ̀ ní Miletu pẹ̀lú àìsàn, kò sì fi àìnígbàgbọ́ kàn án.

Nítorí náà, ẹ má sọ ohun tó fa ìyà ẹlòmíràn, torí ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni síwájú ìjọ láti tú àṣírí rẹ̀. Ẹ má gba owó irúgbìn lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì jẹun. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má ní kí aláìsàn ju oògùn nù. Ẹni tó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró lè má mọ nǹkan kan lára, títí àrùn rọpárọsẹ̀ á fi dá a wólẹ̀. Ẹ gbàdúrà fún un, kó sì máa lo oògùn rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ti ẹnu ẹni tí ìyà ń jẹ kí ẹ tó wàásù. Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lasaru ọ̀rẹ́ òun dìde, síbẹ̀ ó sunkún. Ẹ ka Sáàmù 88 fún ìjọ, kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ké nínú òkùnkùn ṣì ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Kí àwọn ìyá ìjọ gbé oúnjẹ lọ fún ẹni tí ìyà ń jẹ, kí àwọn bàbá ìjọ dá owó ilé ìwosàn jọ.

Ìwọ tí ìyà ń jẹ, bí oníwàásù bá di ẹ̀bi rù ọ́, má gbé e. Wá àgbà onígbàgbọ́ tó ń fara balẹ̀ gbọ́ ènìyàn, má sì fi ilé ìwosàn sílẹ̀.