"Kí Ni Èmi Mọ̀ Tí N Ó Kọ?"

Ẹ̀yin ará wa nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, ẹ̀kọ́ ti ìgbà yìí dá lórí ọ̀rọ̀ kan tí mo máa ń gbọ́ nígbà tí mo bá wá yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, tí mo sì ní kí ẹnìkan kọ nǹkan ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn wa: "Kí ni èmi mọ̀ tí n ó kọ?"

Ìyá kan wà tí wọ́n jẹ́ akápò fún ọdún mọ́kànlá. Owó ẹgbẹ́ kò dín kọ́bọ̀ rí lọ́wọ́ wọn. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ bí ẹ ti ń ṣe é fún wa." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ẹ̀yin tí ẹ lọ pólì ni kí ẹ kọ ọ́."

Èmi náà kò kọ ọ́. Mo rò ó pé èmi tí n kò ṣe akápò rí, kí ni mo mọ̀? Báyìí ni a ń tì í sí ara wa títí ìyá fi lọ bá ọmọ wọn gbé ní ìlú mìíràn.

Ọdún kan kò tíì pé tí akápò tuntun gba iṣẹ́ tí ìwé fi dàrú. Kì í ṣe olè. Bí ó bá gba owó, a ní òun yóò kọ ọ́ bí òun bá délé. Ẹni tó san ní òun san. Lẹ́jà ní kò san. Ìjà dé, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án sì kúrò.

Mo wá ìyá lọ. Ohun mẹ́rin ni wọ́n sọ fún mi. Wọ́n máa ń ka owó lójú ẹni tó mú un wá. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú lẹ́jà àti ìwé ìfowópamọ́ onítọ̀hún lẹ́sẹ̀ kan náà. Wọ́n máa ń ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ìpàdé tó tú. Owó a sì wọ báńkì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kò kún ojú ìwé kan, ṣùgbọ́n òun ni ìbá ti gbà wá.

Ẹ wo àwọn tí a ń tọ ipasẹ̀ wọn. Ní ọdún 1844, ènìyàn 28 kó ara wọn jọ ní ìlú Rochdale, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ahunṣọ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n ti kọ òfin wọn sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn kékeré ní December 21, níbi tí wọ́n ti ń ta ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là. Wọn kò dúró di ìgbà tí wọ́n bá di ọ̀gá. Òfin náà ni gbòǹgbò ìlànà tí ẹgbẹ́ wa ń tẹ̀ lé kárí ayé lónìí.

Nítorí náà:

1. Ẹ kọ ohun tí ọwọ́ yín ti ṣe, kì í ṣe ohun tí ẹ gbọ́ lásán.

2. Ẹ kọ ọ́ bí ìgbà tí ẹ ń bá ọmọ ẹgbẹ́ tó wọlé lánàá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti gba ọ̀nà náà kọjá ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń wá, kì í ṣe ọ̀mọ̀wé.

3. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti ṣe àṣìṣe. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà jù.

4. Ibi tí ìmọ̀ yín bá parí sí, ẹ dúró níbẹ̀. Bí ó bá kan òfin tàbí pípín èrè, ẹ bi olùbẹ̀wò yín kí ẹ tó kọ ọ́.

5. Bí kíkọ bá nira, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu kí ọmọ yín kọ ọ́, kí akọ̀wé sì kà á padà sí yín létí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò ní ìpàdé:

(a) Ta ni nínú ẹgbẹ́ wa ló mọ ohun kan tí a kò tíì kọ sílẹ̀?

(b) Bí onítọ̀hún kò bá sí lọ́la, kí ni yóò bàjẹ́?

(d) Ta ni yóò jókòó tì í láti kọ ọ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó kò?

Ohun mẹ́rin ìyá ti wà lórí páálí lára ògiri ibi ìpàdé ẹgbẹ́ náà báyìí. Mẹ́rin nínú àwọn mẹ́sàn-án ti padà. A ṣì ń bẹ àwọn yòókù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ẹ má ṣe fi tiyín pamọ́.