Ọkọ̀ Nìkan Kò Gba Ẹ̀mí Là

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìtọ́jú pàjáwìrì ni ẹ̀kọ́ wa dá lé lórí lọ́tẹ̀ yìí. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ohun tí a kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé, "Ọkọ̀ dà?" Ìbéèrè yìí dára, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó tó di ọdún 1967, ọkọ̀ ọlọ́pàá ni ó sábà máa ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn níbẹ̀. Ọkọ̀ wà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ìtọ́jú kò sí nínú rẹ̀. Ní ọdún náà ni a dá Freedom House Ambulance Service sílẹ̀. Dókítà Peter Safar ṣètò ẹ̀kọ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú àdúgbò Hill District, tí púpọ̀ nínú wọn kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n kọ́ bí a ti ń la ọ̀nà èémí, bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àti bí a ti ń tẹ àyà ẹni tí ọkàn rẹ̀ dákẹ́. Láti ìgbà náà ni ìtọ́jú ti ń bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà.

Ní 1973, òfin Amẹ́ríkà ka ohun 15 tí ètò yìí gbọ́dọ̀ ní. Ọ̀kan péré ni ọkọ̀ jẹ́ nínú wọn. Ìkọ́ni, ìpè, ilé ìwòsàn àti ìlanilọ́yẹ̀ wà níbẹ̀. Ọwọ́ ará ìlú fúnra wọn náà wà níbẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù kò lè ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ.

Lọ́dọ̀ wa ní Nàìjíríà, Òfin Ìlera ti 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹni tí ó bá kọ̀ lè san ₦100,000, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì. Kí gbogbo wa mọ èyí, kí a sì lè sọ ọ́ jáde lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

Ẹ jíròrò ìbéèrè wọ̀nyí ní ìpàdé yín:
1. Ta ni yóò pe 112, tí yóò sì júwe ibi tí a wà dáadáa?
2. Àwọn wo nínú wa ni ó mọ bí a ti ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró?
3. Ilé ìwòsàn wo nítòsí ni ó ń gba aláìsàn lóru?
4. Ǹjẹ́ akápò lè yọ owó lójú ẹsẹ̀, kí ìgbìmọ̀ tó jókòó?

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ tí kò bá lè dáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ó bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí ó kù díẹ̀ káàtó jù.