Kọ́lẹ́ẹ̀jì Kékeré àti Ìmúrasílẹ̀ fún Iṣẹ́: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gańgańran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, ṣùgbọ́n ó bá àwa tí a ń kọ́ èdè Yorùbá wí jù. Ìbéèrè kan kò wọ́n lẹ́nu òbí, ará àti ọ̀rẹ́: "Bí o bá kọ́ Yorùbá tán, kí ni o fẹ́ fi ṣe?" Ìbéèrè náà a máa bí wa nínú, ṣùgbọ́n ìbínú kọ́ ni ìdáhùn rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí a wo bí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì kéékèèké tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ nígbà kan rí ṣe ń múra akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ fún ayé àti fún iṣẹ́. A ó wo ibi tí wọ́n kù sí pẹ̀lú, kí a lè mú èyí tí yóò wúlò fún wa.

Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà

Méjì ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún 1896 ni ìjọ C.M.S. fi Kọ́lẹ́ẹ̀jì St. Andrew's lélẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ní ọdún 1905 ni ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá Wesley College sílẹ̀ ní Ìbàdàn, òun ni a wá mọ̀ mọ́ Elékùrọ̀. Bí a bá fi wọ́n wé Yunifásítì òde òní, kékeré ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn tí wọ́n gba ibẹ̀ kọjá. D. O. Fágúnwà kẹ́kọ̀ọ́ ní St. Andrew's láti 1926 sí 1929. Olùkọ́ ni ó sì ń ṣe nígbà tí ìwé rẹ̀, Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, jáde ní 1938. Ayọ̀ Bámgbóṣé, ògbóǹtarìgì onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, gba St. Andrew's kọjá kí ó tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn. Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wọ Wesley College ní 1927. Nígbà tí ó yá, ó kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé pẹ̀lú ẹ̀rọ àti ìkọ̀wé kíákíá, ó sì padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà láti ṣe akọ̀wé níbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ṣẹ́

Ohun tí ó mú irú kọ́lẹ́ẹ̀jì bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ ni pé wọn kò ya ìwé sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́. Agogo ni ó ń jí akẹ́kọ̀ọ́. Yóò gbálẹ̀, yóò pọnmi, yóò gbàdúrà, kí ó tó wọ kíláàsì. Lẹ́bàá kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń dánra wò máa ń wà. Ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ bá ṣàlàyé ní ọjọ́ Ajé, akẹ́kọ̀ọ́ lè dúró níwájú àwọn ọmọdé ní Ọjọ́bọ̀ kí ó fi dánra wò. Yóò ti kọ ìlànà ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yóò jókòó lẹ́yìn, wọn yóò máa kọ ibi tí ó ti ṣe dáadáa àti ibi tí ó ti kùnà. Ìtìjú wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìtìjú náà ń kọ́ni.

Bí ó bá jáde, wọ́n lè rán an lọ sí irú ibi bíi Lálúpọn, Ejíòkú, Ìjàyè tàbí Akanran. Níbẹ̀, iṣẹ́ olùkọ́ kò mọ sí inú kíláàsì. Òun ni ó ń ka lẹ́tà fún àgbàlagbà tí ọmọ rẹ̀ wà ní Èkó, òun ni ó sì ń bá a kọ èsì. Bí ó bá jẹ́ abúlé onígbàgbọ́, òun náà ni ó ń lé orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọ tí ó sì ń kọ́ kò gbọ́ èdè kankan ju Yorùbá lọ. Nítorí náà, Yorùbá kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ yìí. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni, bí àdá ti jẹ́ fún àgbẹ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù Kíní 1955, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Iye ọmọ ilé-ìwé tí ó lé ní 450,000 ní 1954 fò sókè, ó lé ní 800,000 ní 1955. Ògiri kíláàsì kò ṣòro mọ bí i ká rí olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rárá ni wọ́n kó síwájú àwọn ọmọdé. Ìgbà náà ni ó hàn gbangba pé kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́, bí ó ti wù kí ó kéré tó, òun ni òpó tí ó gbé ètò náà dúró.

Ibi tí wọ́n kù sí

A kò gbọdọ̀ máa yin àtijọ́ bí ẹni pé kò ní àléébù. Èkíní, oko ni wọ́n fi ń jẹ ọmọ níyà ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé. Ọmọ tí ó pẹ́ dé, koríko ni. Ọmọ tí ó jà, ebè kíkọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ àgbẹ̀ ṣe kọ́ ọ nílé-ìwé pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ó ń di ọkọ́ mú. Èkejì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń kọ́. Nígbà tí Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ti Orílẹ̀-èdè yìí jáde ní 1977, ó sọ pé ìwé-ẹ̀rí N.C.E. ni yóò di èyí tí ó kéré jù fún olùkọ́. Àwọn tí wọ́n ti fọwọ́ lẹ́rán lórí Gíréèdì Kejì rí i pé ilẹ̀ ń yẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀.

Ohun tí ó kàn wá

Iṣẹ́ wà fún akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà gbáko. Kí ètò náà tó lè rìn, wọ́n ní láti kọ ìwé, wọ́n ní láti wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ta ni yóò ṣe irú iṣẹ́ yẹn bí kì í bá ṣe àwa? Bákan náà, láti 1967 ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí I.I.T.A. ti wà ní Ìbàdàn, wọ́n ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀gẹ́, iṣu àti àgbàdo. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi kọ àbájáde rẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá ni àgbẹ̀ Ìròkò àti ti Ẹ̀gbẹ́dá ń sọ. Ẹnìkan ní láti dúró láàárín àwọn méjèèjì.

Nítorí náà, mo dá ìmọ̀ràn mẹ́ta. Èkíní, kí olúkúlùkù wa máa kọ́ ẹnìkan ní ohun tí ó ń kọ́, ìbáà jẹ́ ọmọdé tàbí àgbà tí kò mọ̀wé, kí ó sì jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo ibi tí ó kù sí. Èkejì, ní àkókò ìsinmi, kí a lọ sí abúlé lọ kó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ jọ. Ẹ wo gàrí nìkan: wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́, wọ́n ń rin ín, wọ́n ń fún un, wọ́n ń jọ̀ ọ́, wọ́n ń yan án. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́, kí a sì kọ orúkọ abúlé àti ọjọ́ sílẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ kan kún ìwé wa: ìtumọ̀, iṣẹ́ rédíò, àtúnṣe ìwé, tàbí kí a mọ bí a ti í fi kọ̀ǹpútà tẹ Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín ni pé kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní abúlé kún ẹ̀kọ́ wa, kí ó sì ní máàkì tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá wa lóhùn, ó yẹ kí àwa fúnra wa ti bẹ̀rẹ̀. Lálúpọn kò jìnnà sí Ìbàdàn.