Àròkọ Aláàlàyé: Bí A Ṣe Ń Ya Fọ́tò Tí Ó Mọ́ Lálẹ́

Ìbéèrè: Ṣe àlàyé fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ fọ́tò yíyà bí ó ṣe lè ya àwòrán tí ó mọ́ lálẹ́.

Ìtọ́sọ́nà: Nínú àròkọ aláàlàyé, ìgbésẹ̀ ni a ń tò tẹ̀ lé ara wọn. Bí o bá mú ìrírí ara rẹ wọ inú rẹ̀, jẹ́ kí ó la kókó ọ̀rọ̀ yé òǹkàwé. Má ṣe jẹ́ kí ìtàn bo àlàyé mọ́lẹ̀.

Ìlapa èrò:
(i) Ìfáárà: ìdí tí fọ́tò alẹ́ fi ṣòro
(ii) Gbígbé kámẹ́rà dúró
(iii) Dídíwọ̀n ìmọ́lẹ̀
(iv) Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀
(v) Ìkádìí

ÀPẸẸRẸ ÀRÒKỌ

Ìmọ́lẹ̀ ni kámẹ́rà fi ń ya àwòrán. Lọ́sàn-án, ó pọ̀ bí omi òjò; lálẹ́, ńṣe ni ó ń kán tó-tó. Ẹni tí kò bá ní sùúrù láti gbè é yóò ya òkùnkùn lásán.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ní agboolé wa ní Bẹẹrẹ, ní ìlú Ìbàdàn, àwọn ẹbí fẹnu kò pé kí á wó ilé àtijọ́ tí ògiri rẹ̀ ti sán. Ní alẹ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ náà, Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, ya ilé yìí fún mi kí ilẹ̀ tó mọ́." Mo gbé kámẹ́rà ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ̀ ẹ́, fíláàṣì sì kọ mànà. Ẹnu ọ̀nà nìkan ni ó hàn. Òkùnkùn gbé ìyókù mì. Ìmọ́lẹ̀ fíláàṣì kékeré kì í rìn jìnnà. Ẹ̀gbọ́n mi wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kámẹ́rà kò gbọdọ̀ mì. A gbé e ka orí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bí kò bá sí, àpótí tàbí odi lè ṣe é. Aago inú rẹ̀ ni kí ó ya fọ́tò náà fúnra rẹ̀, nítorí ọwọ́ tí ó tẹ̀ ẹ́ lè mì ín.

Lẹ́yìn èyí, nǹkan mẹ́ta ni a fi ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Èkíní ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé: f/5.6 fẹ̀ ju f/8 lọ, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé sì jẹ́ ìlọ́po méjì. Èkejì ni iye àsìkò tí ihò náà fi ṣí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ISO: bí a bá gbé e láti 100 sí 400, ìdá mẹ́rin àsìkò náà ti tó, ṣùgbọ́n àwòrán lè máa rí wínníwínní bí iyanrìn.

A fi ISO sí 100, a fi ihò sí f/8, a sì fún un ní ìṣẹ́jú àáyá 4. Ó ṣú. A fún un ní 8. Ó sàn díẹ̀. Nígbà tí a fún un ní 15, òrùlé, fèrèsé àti ògiri hàn kedere.

Kí á má gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń mú jù. Bí òkùnkùn bá gba ibi púpọ̀ nínú àwòrán, ó lè mú kí ó funfun jù. Bí iná bá kọjú sí i, ó lè mú kí ó ṣú. Ẹni tí ó ń lo fíìmù kò lè rí àṣìṣe rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà kí ó ya mẹ́ta: ọ̀kan ní ìwọ̀n tí ó rò, ọ̀kan ní ìdajì rẹ̀, ọ̀kan ní ìlọ́po méjì.

Ilé náà ti lọ báyìí, ṣùgbọ́n fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri wa. Fún gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 15 yẹn, Ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọn kò mira. Àwa ọmọdé kò lè dúró jẹ́ẹ́. Bí èéfín ni a rí. Àwọn tí wọ́n ní sùúrù nìkan ni fọ́tò alẹ́ ń mú dáadáa.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Kọ àròkọ bí irú èyí lórí bí o ṣe lè ya Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, kété lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, kí ojú ọ̀run tó dúdú tán.