Ibi Tí Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́ Yóò Ti Máa Ṣeré, Tí Wọn Yóò Sì Máa Kẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe lórí owó yíyá, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe lórí ìwé ìṣirò. Ó dá lórí àwọn ọmọ wa tí kò tíì tó ilé-ìwé lọ. Níbo ni wọ́n ń wà nígbà tí ìyá wọn bá ń tajà? Ọ̀pọ̀ wọn wà lábẹ́ tábìlì ọjà, lẹ́bàá títì, nítòsí agbada epo gbígbóná. Àwọn mìíràn wà nínú yàrá kékeré kan tí a kọ "Nọ́sìrì" sí lára, tí wọ́n há gádígádí sórí bẹ́ǹṣì láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, tí wọ́n ń ké "A fún ápù, B fún bọ́ọ̀lù" tẹ̀ lé olùkọ́. Èkínní léwu. Èkejì kò léwu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe àtúnṣe èkínní.

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn ará abúlé kan ṣe ní ilẹ̀ Ítálì. Villa Cella ni orúkọ abúlé náà, kò jìnnà sí ìlú Reggio Emilia. Nígbà tí ogun parí níbẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 1945, àwọn ọmọ-ogun Jámánì sá lọ, wọ́n sì fi ọkọ̀ ogun onírin kan, ọkọ̀ akẹ́rù mélòó kan àti ẹṣin díẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ará abúlé tà wọ́n, wọ́n sì pinnu pé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ni àwọn yóò fi owó náà kọ́. Àgbẹ̀ kan fi ilẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ṣa bíríkì àti igi àjà láti ara àwọn ilé tí bọ́ǹbù ti wó, wọ́n kó yanrìn nínú odò, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ṣiṣẹ́ láìgba owó. Ẹ rántí pé ebi ń pa wọ́n nígbà náà o! Olùkọ́ ọ̀dọ́ kan, Loris Malaguzzi, gbọ́ ìròyìn yìí, ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ wò ó bóyá òótọ́ ni. Ohun tó rí níbẹ̀ ló mú un fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ àwọn ọmọdé títí ó fi kú ní ọdún 1994.

Ìjọba ìlú Reggio Emilia dá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọdé tirẹ̀ àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1963. Nígbà tó di 1991, ìwé ìròyìn Newsweek ti Amẹ́ríkà ka ọ̀kan nínú wọn, Diana, mọ́ èyí tó dára jù lọ lágbàáyé. Agbègbè yìí kan náà sì jẹ́ ibi tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ gan-an, nínú oko, nínú ìsọ̀, nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Títí di òní, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ló ń bójú tó díẹ̀ nínú àwọn ilé ọmọdé ìlú náà, ní àdéhùn pẹ̀lú ìjọba ìlú.

Kí ni wọ́n ṣe tó yàtọ̀? Olùkọ́ méjì ni wọ́n ń fi sí yàrá kan, wọ́n sì gbà pé ibi tí ọmọ wà gan-an ni olùkọ́ kẹta. Nítorí náà, wọn kì í ṣètò ibẹ̀ bákan ṣá. Fèrèsé wálẹ̀ tó bí ọmọ kékeré yóò ṣe rí ìta. Dígí wà nísàlẹ̀ kí ó lè rí ara rẹ̀. Ilé ìdáná kò sí ní ìkọ̀kọ̀. Ọmọ ń rí ẹni tó ń gé ẹ̀fọ́. Ojúde kan wà láàrin ilé tí gbogbo yàrá ṣí sí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń pàdé ara wọn. Ẹni tó bá dàgbà ní agbo-ilé Yorùbá yóò rẹ́rìn-ín nígbà tó bá gbọ́ èyí, nítorí àgbàlá wa náà nìyẹn! Níbẹ̀ ni a ti ta àrin, tí a ti ta òkòtó, tí a ti ṣe bojúbojú, tí àwọn ọmọbìnrin ti fi ewé àti iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀. Ó dùn wá pé a ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, a sì ti gbé jẹnẹrétọ̀ síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ni ìgbìmọ̀ yóò kọ́kọ́ gbé dìde, ó sì tọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí owó máa ń gbà ṣòfò ni pé a máa ń ra jangirọ́fà oníke aláwọ̀ mèremère, nítorí pé ó dára láti yà ní fọ́tò fún ìpàdé gbogbogbòò. Láàrin oṣù díẹ̀ oòrùn ti jẹ ẹ́. Ní ilẹ̀ Dẹ́ńmáàkì, ọ̀gbẹ́ni Carl Theodor Sørensen, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ọgbà ṣíṣètò, ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ fẹ́ràn àti máa ṣeré níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ju ọgbà ìṣeré tí òun ṣe fún wọn lọ. Ní 1943, wọ́n ṣí ibi ìṣeré kan ní Emdrup, ní ìlú Copenhagen, tó kún fún pákó àti àwọn àlòkù nǹkan, tí àgbàlagbà kan sì ń bójú tó wọn. Ní Reggio Emilia pàápàá, láti 1996 ni wọ́n ti ní ilé kan tó ń gba àjẹkù ilé-iṣẹ́, bíi bébà, aṣọ àti ike, tí wọ́n sì ń pín in fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ṣé a kò ní káfíńtà nínú ẹgbẹ́ wa ni? Ṣé kò sí aránṣọ? Gígékù pákó tí a ti fi sánpépà họ, ẹ̀rẹ́jà aṣọ, apẹ̀rẹ̀, igbá àti ṣíbí onígi, ìwọ̀nyí tó bẹ̀rẹ̀. Owó tó bá ṣẹ́kù, ẹ fi san owó oṣù ẹni tí yóò máa tọ́jú wọn. Lójú tiwa, ẹni náà ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun ìṣeré lọ.

Nípa ètò ibẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é kúnlẹ̀ ná, kí ojú rẹ̀ wà ní ìwọ̀n ojú ọmọ ọdún mẹ́ta, kí ó sì wo ohun tí yóò rí. Pẹpẹ gbọ́dọ̀ wálẹ̀ kí ọmọ lè mú nǹkan fúnra rẹ̀, kí ó sì dá a padà. Ẹ fi ẹní tẹ́ igun kan fún èyí tó fẹ́ sinmi, kí ó jìnnà sí ibi ariwo. Ibòji igi dára ju páànù lọ. Ẹni tó ń tọ́jú wọn gbọ́dọ̀ lè rí gbogbo igun láti ibi kan ṣoṣo.

Omi àti yanrìn ni eré tí kì í sú ọmọ. Níbẹ̀ ló ti ń mọ ohun tó wúwo, ohun tó fúyẹ́, iye ago tó ń kún garawa kan. Ṣùgbọ́n omi inú garawa lásán lè pa ọmọ kékeré, nítorí náà, ẹ dà á nù ní kété tí eré bá parí. Bí kànga bá wà nínú ọgbà, ideri rẹ̀ tó ní àgádágodo ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ tó ra ohunkóhun mìíràn. Ẹ bo yanrìn ní alẹ́ nítorí ológbò àti ewúrẹ́. Níbi tí ọmọ ti ń gun nǹkan, ẹ má ṣe da sìmẹ́ǹtì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Yanrìn tó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ni kó wà níbẹ̀. Táyà àlòkù dára, àmọ́ ẹ lu ihò sí i kí omi má bàa dúró nínú rẹ̀ kó di ilé ẹ̀fọn. Ohun tó lè wọ ẹnu ọmọ kò gbọ́dọ̀ sí lọ́dọ̀ àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Bátìrì kékeré róbótó ló burú jù: bí ọmọ bá gbé e mì, ó lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ láàrin wákàtí méjì. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e sáré lọ.

Àwọn àgbà tí ọmọ wọn ti dàgbà yóò béèrè ìdí tí a fi ń ná owó àjẹṣẹ́kù wọn sórí ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má ṣe bínú sí wọn. Ìlànà tí àjọ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àgbáyé fọwọ́ sí ní 1995 fi ẹ̀kọ́ ṣe ìlànà karùn-ún, ó sì fi ìtọ́jú àwùjọ ṣe ìkeje. Síbẹ̀, ìpàdé gbogbogbòò ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí iye tí a óò ná, kì í ṣe ìgbìmọ̀ nìkan. Kí akọ̀wé sì béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ irú ìwé àṣẹ tó yẹ, kí ẹ tó gba ọmọ kankan.

Ọjọ́ ọjà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ẹni méjì nínú ìgbìmọ̀ lọ jókòó sórí ẹní níbẹ̀ fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀: ibi tí àwọn ọmọ ń pọ̀ sí, ibi tí wọn kì í dé, ohun tí wọ́n ń jà lé lórí. Ohun tí wọ́n bá ń jà lé lórí, ẹ wá irú rẹ̀ kún un.