Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Ẹ Jẹ́ Ká Mọ Kọ̀ǹpútà Alágbèéká Wa

Nínú ẹ̀kọ́ tó kọjá, a kọ́ bí a ti ń kọ rìsíìtì fún ẹni tó bá sanwó. Lónìí, a ó kọ́ nípa ẹ̀rọ kan tó ti wọ ọ̀pọ̀ ilé àti ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ wa. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ni orúkọ rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ni àwọn ọmọ wa ń pè é. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀

Ìyá kan wà nínú kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wa. Akápò ni, nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tó ń ṣe gàrí. Ìyá Akápò ni gbogbo wa ń pè é. Òjò ti ba ìwé owó ẹgbẹ́ wọn jẹ́ rí. Nítorí náà, wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń bá wọn lò ó. Òun ló ń tan án, òun ló ń kọ owó sínú rẹ̀, òun náà ló ń pa á. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ á jókòó tì í, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń wo sinimá.

Nígbà tó yá, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ríṣẹ́ sí Èkó, ó sì lọ. Ọjọ́ ìpàdé pé. Wọ́n tan ẹ̀rọ náà. Ó béèrè ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Wọ́n pe fóònù ọmọ náà títí, kò lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹgbẹ́ kò lè yá ẹnikẹ́ni lówó, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ iye tí oníkálùkù ní. Ẹni tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ kò rí owó gbà. Ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé Ìyá Akápò ti kówó jẹ. Ẹ rò ó wò: ẹni tí kò mú kọ́bọ̀, orúkọ rẹ̀ ń bàjẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí kò mọ̀!

Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí ọmọ náà bá sọ̀rọ̀. Kò ní èrò ibi. Ó gbàgbé ni. Ó bẹ̀ wọ́n, ó sọ ọ̀rọ̀ náà, owó sì pé. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Akápò fi ìborùn di kọ̀ǹpútà náà, ó gbé e wá sí kíláàsì. Ó ní, "Tíṣà, ẹ ti kọ́ mi ní A, B, D. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi ní eléyìí náà. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún mú kọ́kọ́rọ́ ilé mi lọ mọ́."

A ní, "Ìyá Akápò, ẹ jókòó. Ẹni tó bá lè kàwé yóò lè lò ó." Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn nìyí.

1. ARA RẸ̀ LÓDE

Bí ìwé ńlá tí a pa dé ni kọ̀ǹpútà alágbèéká rí. Bí a bá ṣí i, apá méjì ló ní. Apá òkè ni ojú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohun tí a bá kọ ti ń hàn. Apá ìsàlẹ̀ ni kíbọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí a ń tẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìsàlẹ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì gbé àárín ojú náà sókè jẹ́jẹ́. Ẹ má fi agídí fa igun kan ṣoṣo, ó lè sán.

Bí oníṣòwò bá ní, "Ìǹṣì 14 ni," ojú rẹ̀ ló ń sọ. Láti igun òkè lápá kan dé igun ìsàlẹ̀ lápá kejì ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ìǹṣì 14 jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 35 àbọ̀. Ihò kóńkó kan sábà máa ń wà lókè ojú náà. Kámẹ́rà ni.

Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí àwọn ihò pẹlẹbẹ. Ihò USB wà níbẹ̀, tí a lè ki fláàṣì bọ̀. Ihò ṣájà wà pẹ̀lú. Ihò wẹ́wẹ́ tó wà ní ìsàlẹ̀ tàbí ní ẹ̀yìn, ti afẹ́fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni ooru ń gbà jáde. Nítorí náà, ẹ má gbé e lé tìmùtìmù tàbí orí bẹ́ẹ̀dì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Aṣọ á dí ihò náà, ẹ̀rọ á sì gbóná jù. Orí tábìlì ni kí ẹ gbé e lé.

Ẹ̀rọ yìí ti rìn jìnnà. Ní ọdún 1981, wọ́n gbé ọ̀kan jáde ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Osborne 1. Wọ́n ní ó ṣeé gbé kiri. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó wúwo tó kílógíráàmù 11, ojú rẹ̀ kò ju ìǹṣì 5 lọ, kò sì ní bátìrì nínú. Ọ̀pọ̀ ti òde òní kò tó kílógíráàmù 2 àbọ̀.

2. INÁ RẸ̀

Ṣájà ló ń gbé iná wọ inú rẹ̀. Ẹ wo páálí kékeré dúdú tó wà láàárín wáyà náà. Ẹ ó rí ohun tí wọ́n kọ sí i: INPUT 100–240V. Ìyẹn ni iná tó lè gbà wọlé láti ara ògiri. Iná ilé wa wà láàárín rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí OUTPUT, bóyá 19V tàbí 20V. Ìyẹn ni iná tó ń fún kọ̀ǹpútà. Ṣé ẹ rí i pé ó ti bù ú kù gidigidi? Ṣájà ẹ̀rọ kan lè yàtọ̀ sí ti èkejì. Nítorí náà, ẹ má kàn yá ti aládùúgbò kí ẹ kì í bọ̀ ọ́ láìka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Bátìrì wà nínú rẹ̀. Bí iná bá lọ lójijì, iṣẹ́ kò ní dúró. Ẹ máa wo àwòrán bátìrì kékeré tó wà ní igun ojú rẹ̀, kí ẹ lè mọ iye tó kù. Bí ẹ bá sì ń lo jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rìn dáadáa kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́.

3. KÍBỌ́Ọ̀DÙ

Ìyá Akápò wo kíbọ́ọ̀dù, ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì. Wọ́n ní, "Tíṣà, kò tò ó ní A, B, D!" Òótọ́ ni. Q, W, E, R, T, Y ló wà níwájú. Ètò yìí ti wà lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1874, kọ̀ǹpútà sì jogún rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ̀rù. Ẹ ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí i.

Lẹ́tà 26 ti Gẹ̀ẹ́sì ló wà níbẹ̀. Tiwa jẹ́ 25. C, Q, V, X àti Z kò sí nínú tiwa. Ẹ tún wò ó: Ẹ, Ọ àti Ṣ tiwa kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù. GB kò ní ibi tirẹ̀. G la ó tẹ̀, ká tó tẹ B. Ti Ẹ, Ọ àti Ṣ kò le. Nínú Windows, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọ̀dọ̀ wa ń lò, àyè wà láti yan kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Ẹ ní kí ẹni tó tà á fún yín fi hàn yín kí ẹ tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ fi ìka kan F àti J. Lórí ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù, ẹ ó rí i pé nǹkan kékeré yọ sókè lára wọn. Ìka ìlábẹ̀ méjèèjì ló ń dúró síbẹ̀, kí ọwọ́ lè mọ̀nà láìwò ó.

Ẹ mọ àwọn wọ̀nyí pẹ̀lú:

Èyí tó gùn jù ní ìsàlẹ̀ ló ń fi àyè sáàárín ọ̀rọ̀ méjì.
Enter ló ń mú wa lọ sí ìlà tuntun.
Backspace ló ń pa lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rẹ́.
Shift la ń dì mú bí a bá fẹ́ lẹ́tà ńlá.
Ctrl la ń dì mú, ká tó tẹ Z, bí a bá ṣe àṣìṣe. Á dá ohun tí a bàjẹ́ padà.

4. ỌFÀ KÉKERÉ

Níwájú kíbọ́ọ̀dù, ibi pẹlẹbẹ kan wà bíi síléètì kékeré. Ẹ fi ìka kan wọ́ ọ lórí rẹ̀. Ọfà kékeré kan á máa rìn lójú kọ̀ǹpútà. Ibi tí ìka yín bá lọ, ibẹ̀ ni ọfà ń lọ. Bí ọfà bá dé orí ohun tí ẹ fẹ́, ẹ fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan láti yàn án. Bí ẹ bá fẹ́ ṣí fáìlì kan, ẹ kàn án lẹ́ẹ̀mejì kíákíá. Ọwọ́ á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ di pẹ́ńsù mú. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

5. TÁBÌLÌ ÀTI ÀPÓTÍ

Ẹ̀kọ́ yìí ṣe pàtàkì jọjọ. Kọ̀ǹpútà ní tábìlì, ó sì ní àpótí. Orí tábìlì ni iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ wà. Inú àpótí ni iṣẹ́ tí a ti fi pamọ́ wà. Bí iná bá kú pátápátá, gbogbo ohun orí tábìlì á dànù. Ohun inú àpótí kò ní kúrò.

Lára páálí rẹ̀, ẹ lè rí 8 GB àti 256 GB. Kì í ṣe gb tó wà nínú "gbogbo" o! Ìwọ̀n ni, bí kóńgò ti jẹ́ ìwọ̀n gàrí. GB kan lè gba nǹkan bíi bílíọ̀nù kan lẹ́tà tí kò ní àmì. Èyí tó kéré, 8 GB, ni tábìlì. Èyí tó pọ̀, 256 GB, ni àpótí.

Báwo la ti ń gbé iṣẹ́ láti orí tábìlì sínú àpótí? Ẹ di Ctrl mú, kí ẹ tẹ S. Ní ìgbà àkọ́kọ́, á béèrè orúkọ tí ẹ fẹ́ fún iṣẹ́ náà. Ẹ fún un ní orúkọ tó yé yín, bíi "Owo Osu Keta".

Àwa náà ti jìyà àìṣe èyí rí. Láti aago méjì títí di aago márùn-ún ọ̀sán, a tẹ orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ 43. A kò fi pamọ́ lẹ́ẹ̀kan. Bátìrì ẹ̀rọ náà ti gbó. Iná lọ, ojú rẹ̀ ṣú, iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta di òfo. Láti ọjọ́ náà, bí a bá ti tẹ ìlà mẹ́ta, a ó fi pamọ́.

Ẹ tún ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí fláàṣì, kí ẹ sì tọ́jú fláàṣì náà sí ilé mìíràn. Olè lè gbé kọ̀ǹpútà. Omi lè dà sí i. Bí ẹ̀dà bá wà níbòmíràn, owó ẹgbẹ́ kò ní ṣòro kà.

6. Ọ̀RỌ̀ ÌGBANIWỌLÉ

Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ náà nìyí. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, àmì róbótó lásán ni ẹ ó máa rí, kí ẹni tó ń wò má bàa mọ̀ ọ́n. Lẹ́tà ńlá yàtọ̀ sí lẹ́tà kékeré. Ẹ má lo orúkọ ọmọ yín tàbí 1234. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò bára tan pọ̀. Ẹ má sì kọ ọ́ sára ẹ̀rọ.

Bí ẹ̀rọ bá jẹ́ ti ẹgbẹ́, kò yẹ kí ẹnìkan ṣoṣo mọ ọ̀rọ̀ yìí. Kí alága, akọ̀wé àti akápò mọ̀ ọ́n. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa nínú àpòòwé, kí wọ́n fi sínú àpótí tí a ń tì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kúrò, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

7. BÍ A TI Ń PA Á

Ẹ fi iṣẹ́ pamọ́. Ẹ pa fáìlì dé. Ẹ tẹ àmì Windows tó wà ní ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, kí ẹ tẹ Power, kí ẹ tẹ Shut down. Ẹ dúró kí ojú rẹ̀ ṣú kí ẹ tó gbé e sínú báàgì.

ÌPARÍ

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, Ìyá Akápò ló tan kọ̀ǹpútà náà fúnra wọn. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó sì pẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kùn. Wọ́n ka orúkọ oníkálùkù àti iye owó rẹ̀ sókè. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gbọ́ ọ, wọ́n sì tẹrí ba. Kò burú kí ọmọdé ràn wá lọ́wọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló dé tí ẹgbẹ́ kò fi lè yá ẹnikẹ́ni lówó fún ọ̀sẹ̀ méjì?
2. Lẹ́tà wo nínú tiwa ni kò sí lórí kíbọ́ọ̀dù?
3. Kí ni ìyàtọ̀ tábìlì àti àpótí kọ̀ǹpútà?
4. Ta ló yẹ kó mọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé ẹ̀rọ ẹgbẹ́ yín?

IṢẸ́ ṢÍṢE: Ẹ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan. Ẹ tẹ orúkọ yín àti ti ìlú yín. Ẹ fi pamọ́. Ẹ pa á. Ẹ tún un tàn, kí ẹ wá iṣẹ́ yín jáde fúnra yín.