Ìwọ̀n Eku Nìwọ̀n Ìtẹ́: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹni tí Ń Ra Kámẹ́rà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dé ìsọ̀ àwọn oníkámẹ́rà, tí ó rí Canon 100D tí kò wúwo ju 407 gíráàmù lọ, tí ó sì rí 5D Mark III lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó tó 950, yóò rò pé kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ni eku tí òwe yìí ń bá wí, yóò sì mú èyí kékeré, inú rẹ̀ yóò máa dùn pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ẹrù. Kò tíì bọ́. Lẹ́ǹsì, ojú tí kì í ṣẹ́, ni kí ó yẹ̀ wò.

Nọ́ńbà tí a ń rí lára lẹ́ǹsì, f/2.8 tàbí f/4, kì í ṣe ọ̀ṣọ́: bí a bá fi í pín iye mìlímítà lẹ́ǹsì náà, ìbú ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé ni a óò rí. Fún 200 mìlímítà, f/2.8 ń fẹ́ ihò tí ó tó 71, f/4 ń fẹ́ 50 péré. Ihò yìí gan-an ni eku. Awò àti irin tí ó yí i ká ni ìtẹ́. Ìdí nìyí tí lẹ́ǹsì 70–200 f/2.8 tí Canon gbé jáde ní 2010 fi wúwo tó 1490 gíráàmù, tí ti f/4 ọdún 2006 kò sì ju 760 lọ. Ẹni tí ó pààrọ̀ kámẹ́rà dín 543 kù nínú ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó pààrọ̀ lẹ́ǹsì dín 730 kù. Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Òwe wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀ níbi lẹ́ǹsì tí ń gba gbogbo agbo sínú àwòrán. Ihò 24mm f/1.4 kò tó ìdajì ti 50mm f/1.4, síbẹ̀ 24 tí Canon ṣe wúwo tó 650 gíráàmù, 50 sì jẹ́ 290. Dígí ló fà á, èyí tí ń fò sókè nínú kámẹ́rà DSLR nígbàkígbà tí a bá ya àwòrán, tí kò sì gbà kí lẹ́ǹsì wọ àgbàlá òun: 44 mìlímítà ni Canon fi sí àárín ìdí lẹ́ǹsì àti pátákó tí ń gba ìmọ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ lẹ́ǹsì 24mm ń fẹ́ súnmọ́ pátákó náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pierre Angénieux, ọmọ ilẹ̀ Faransé, wá ọgbọ́n sí i ní 1950, ó fi awò ńlá tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká síwájú, kí lẹ́ǹsì lè dúró lókèèrè ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni irú lẹ́ǹsì bẹ́ẹ̀ ti ń yọ ikùn. Ṣùgbọ́n 40mm f/2.8, tí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí 44 náà, wúwo tó 130 gíráàmù péré, bẹ́ẹ̀ bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ.

Ẹni tí òde alẹ́ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, kí ó ra f/2.8, nítorí ìmọ́lẹ̀ ìlọ́po méjì f/4 ni yóò máa rí gbà. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ọrùn pẹ̀lú. Ẹni tí ń ya àwòrán lójú ọ̀sán, f/4 tó o. Kí ẹ tó sanwó, ẹ so lẹ́ǹsì tí ẹ óò lò mọ́ kámẹ́rà náà, kí ẹ gbé e kọ́rùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá níwájú ẹni tí ń tà á. Bí ó bá bínú, ẹ lọ sí ìsọ̀ kejì.